Kànga Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún 1978 ni Kàsímù Àkàndé dé sílé ní Ìta Fájì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ní apá Wọ̀rì kó tó wálé wá sinmi ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jankara dé ni. Ó ti da ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tà sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń ṣa pupa kúrò lára dúdú, ló bá rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gba báàgì náà, ó gbé omi fún un, ó wá jókòó, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Kàsímù mu omi náà tán. Ó ní ara òun yá, kò sí ohun tó ṣe òun, wọ́n kàn ní kí òun ṣì máa lọ sílé ná ni.

"Kí lẹ ṣe fún wọn?" ni Àdìjátù béèrè.

"Wọ́n ní mo purọ́ ẹsẹ̀ bàtà."

Àdìjátù kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo ni ọkọ òun ń bá kiri, ó mọ̀ pé wíńṣì ló ń wà, ṣùgbọ́n kò bi í rí pé kí ni wíńṣì ń gbé. Ọjọ́ yẹn ni Kàsímù tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá wá.

Ó ní kì í ṣe àwọn ló ń gbẹ́ kànga epo. Bí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ débi kan, wọn á fa páìpù wọn jáde, wọn á pe àwọn. Àwọn á so irin kan mọ́ ẹnu wáyà, irin tó rí róbótó tó sì gùn ju ènìyàn mẹ́rin lọ bí wọ́n bá gun ara wọn léjìká. Túùlù ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn á sọ ọ́ sínú kànga títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, àwọn á wá máa fà á bọ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ ni yóò máa wádìí ilẹ̀ tó yí i ká, bóyá amọ̀ ni tàbí iyanrìn, bóyá omi ló wà nínú iyanrìn náà tàbí epo, wáyà yẹn náà ni yóò sì gbé ìròyìn rẹ̀ wá sókè, tí ẹ̀rọ kan á fi ìlà kọ ọ́ sórí ìwé. Iṣẹ́ ti òun Kàsímù ni kí òun máa tú wáyà sílẹ̀, kí òun sì máa ká a padà. Aago méjì ló wà níwájú òun. Ọ̀kan ń ka iye ẹsẹ̀ bàtà wáyà tó ti wọlé. Èkejì ń sọ bí ẹrù tó wà lẹ́nu wáyà ṣe wúwo tó.

Ó ní tẹ́lẹ̀ rí, kànga epo máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀ ni, iṣẹ́ náà kì í sì í le. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí, odò àti irà ni káàkiri, wọn kò sì lè gbé ẹ̀rọ ńlá dúró sórí ibi tí epo wà gan-an. Ibi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀ ni wọ́n á dúró sí. Wọ́n á gbẹ́ kànga náà lọ tààrà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa fì, yóò máa fì, títí yóò fi dà bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri, yóò sì tún fì jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ tó dé abẹ́ odò níbi tí epo wà.

Àdìjátù gbọ́ ọ tán. "Ta ní í sọ korobá sínú kànga tó sùn?" ló wí.

Kàsímù ní túùlù kì í ṣe korobá, ó wúwo, wíwúwo rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Àdìjátù kò jiyàn. Ó ní òun kàn ń béèrè ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kànga tí wọ́n torí rẹ̀ dá Kàsímù padà kò gùn. Ó tú wáyà sílẹ̀ títí aago fi ka ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe ìsàlẹ̀ kànga náà gẹ́lẹ́. Ó ké sí àwọn tó wà nídìí ìwé pé òun ti dé ilẹ̀. Wọ́n ní kó máa fà á bọ̀. Nígbà tí ìwé jáde, ìwé ní amọ̀ ni gbogbo ìsàlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbẹ́ kànga ní iyanrìn ni àwọn bù jáde níbẹ̀, pé òórùn epo tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Òyìnbó tó jẹ́ olórí ibẹ̀ wo ìwé, ó wo iyanrìn, ó ní túùlù kò dé ìsàlẹ̀ rárá, pé ó ti rẹ ẹni tó di wíńṣì mú, ó fẹ́ tètè ṣíwọ́, ló bá fọwọ́ yí aago.

Kàsímù kò fọwọ́ yí aago. Kò sì sùn. Aago ka iye yẹn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì fi ojú ara rẹ̀ rí iyanrìn náà nínú ike, ó fi ìka pa á wò. Gbogbo ọ̀nà láti Wọ̀rì wá sí Èkó ló fi ń gbé méjèèjì yẹ̀ wò, kò sì rí èyí tó lè sọ pé irọ́ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ṣòkòtò kan tó ní ìlà gbọngbọn, ó dé fìlà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí olú ilé-iṣẹ́ wọn nítòsí Tinúbú. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì wọ ilé náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó títí ìrun Àsùbáà tó kí láàárọ̀ fi dà bí ìrun àná, kí wọ́n tó pè é wọlé lọ bá Ẹnjiníà Adéníyì.

Adéníyì kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ó kàwé débi gíga lókè òkun, ṣùgbọ́n kì í fi ṣe fáàrí. Ó dìde fún Kàsímù, ó fún un ní àga, ó bi í léèrè ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè iye wákàtí tó ti sùn ṣáájú. Ó béèrè ẹni tó dúró tì í. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó ń dùn ún lọ́kàn gan-an.

"Bàbá, bí wáyà ṣe ń wọlé yẹn, ǹjẹ́ ẹ rí i kí ẹrù ẹnu rẹ̀ fúyẹ́ lójijì?"

"Rárá, ọ̀gá. Ó ń fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, láti ibi tí kànga ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí."

Adéníyì kọ ọ́ sílẹ̀, ó fagi lé e, ó tún un kọ. Ó ní bí túùlù bá dúró lọ́nà, ó yẹ kí ẹrù náà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí aago sọ ọ́. Bí kò bá sì dúró, ó yẹ kó rí iyanrìn. Kò dúró, kò rí iyanrìn, iyanrìn sì wà níbẹ̀. Ó ní òun kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́, kì í sì í ṣe pé òun ń pe Bàbá ní onírọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá òun ń dúró de ìdáhùn. Ó ní kó lọ bá Miss Clementina ní yàrá àwọn ayàwòrán, kó bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì fọwọ́ sí i.

Clementina jẹ́ ọmọ ọ̀kan lára àwọn ilé Àgùdà tó wà nítòsí Kámpòsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa da àwòrán tó bá ti inú kànga wá kọ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n lè tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ Kàsímù tán, ó kà á fún un ní Yorùbá, Kàsímù sì fọwọ́ sí i. Bó ṣe fẹ́ dìde, ó rí ìwé gígùn kan lórí tábìlì dídagun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ti kànga yín yẹn nìyẹn, Pápá," ni Clementina wí.

Kàsímù dúró. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń fa irin yẹn lọ fà á bọ̀, kò tíì sún mọ́ ìwé rẹ̀ báyìí rí. Bí ìwé bá ti ń jáde, àwọn ẹnjiníà ló máa ń rọ̀gbà yí i ká, wọn á ká a, wọn á gbé e lọ. Ó ti rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé yóò jọ ohun tí ènìyàn lè kà. Ìlà kan ló rí, tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, bí ẹnu ayùn tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba. Ó bi Clementina bóyá èyí ni gbogbo rẹ̀. Clementina ní òun náà kò mọ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀, pé òun kàn ń dà á kọ ni. Ó wá fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ìlà náà kò gbọ̀n mọ́. Ó lọ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á, fún ọgọ́sàn-án ẹsẹ̀ bàtà.

Ó ní wọ́n sọ fún òun pé amọ̀ ni. "Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń da irú ìwé yìí kọ. Mi ò rí amọ̀ tó dákẹ́ báyìí rí."

Ó ní òun ti béèrè, wọ́n sì ní kí òun ṣáà máa kọ ohun tí òun bá rí. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń fa túùlù bọ̀ wá sókè ló máa ń kọ̀wé. Kàsímù ní bẹ́ẹ̀ ni. Clementina ní, nígbà náà, ìsàlẹ̀ ìwé yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ fífà. Kàsímù ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé irin yẹn ń rìn ní gbogbo ìgbà tó ń kọ èyí?"

"Wáyà ń rìn," ni Kàsímù dáhùn.

"Irin ni mo béèrè, Pápá."

Kàsímù tún wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìta. Ó rìn gba iwájú àwọn báńkì lọ, ó ṣìnà sí òpópónà tí kò yẹ kó gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Marínà kó tó mọ̀ pé òun kò kọjú sílé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó lọ bá Jíbrílù. Ará Ọ̀yọ́ ni Jíbrílù, iwájú ilé tí Kàsímù ń gbé ló ti ń ṣiṣẹ́ pọ́ńbà. Ó ní páìpù pánù méjì tó tú lára ilé kan, irú èyí tí omi òjò máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Kàsímù bẹ̀ ẹ́ kó yá òun, kó sì bá òun la ẹ̀gbẹ́ wọn kan gbọọrọ, kí ènìyàn lè máa rí inú wọn. Jíbrílù bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Kàsímù ní òun fẹ́ wo nǹkan kan ni. Jíbrílù wò ó, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀, ó là wọ́n.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n so páìpù kan mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kó dúró ṣánṣán, wọ́n sì so èkejì mọ́ ìdí rẹ̀, kó fì gba àárín àgbàlá kọjá. Kàsímù mú okùn kànga ilé, ó so àkísà funfun mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó so ọ̀pá irin kan tó gùn tó apá mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó gun òkè lọ. Ó ní kí Àdìjátù jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó fì, kó máa wo inú rẹ̀.

Àwọn ará ilé jáde wá wòran. Àlímọ̀t, ẹ̀gbọ́n Kàsímù obìnrin, fa Àdìjátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń rí oorun sùn, bóyá kò ní dára kí wọ́n bá Ààfáà sọ̀rọ̀. Àdìjátù ní ó ń sùn. Ó padà sídìí páìpù.

Nígbà àkọ́kọ́, páìpù ìsàlẹ̀ kò fì púpọ̀, irin náà sáré lọ dé ìpẹ̀kun rẹ̀, ó dún gbàm. Wọ́n fi àpótí gbé ìpẹ̀kun páìpù náà sókè díẹ̀ kó túbọ̀ sùn. Irin náà dé ibẹ̀, ó ń rọra lọ. Wọ́n tún fi bíríkì kan sí i. Kàsímù wá kẹ̀yìn sí àgbàlá, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ rẹ̀ nìkan tú okùn náà sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń yìn, pé ó ń gbọ́ ohun tí aago kò gbọ́. Ó tú u, ó tú u, ó ka àkísà ogún. Okùn náà ń fà á lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe yẹ.

"Ó ti dé ìpẹ̀kun," ló wí láìbojúwẹ̀yìn.

"Ó ti dúró tipẹ́," ni Àdìjátù dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀.

"Níbo?"

"Iwájú mi níbí. Okùn ló ń wọlé, ó ń ká jọ sẹ́yìn rẹ̀."

Kàsímù sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Irin náà dùbúlẹ̀ sínú páìpù ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ó fara ti pánù bí ẹni pé kò níbì kankan tó ń lọ. Okùn ti kákò sẹ́yìn rẹ̀, ìká kan lórí òmíràn. Ó padà sókè, ó ní kí Àdìjátù máa wo irin kó sì pe òun bó bá ti mira. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àkísà méje jáde sí i lọ́wọ́ kí Àdìjátù tó ní ó ti gbéra. Ní gbogbo àkókò àkísà méje yẹn, ká ní túùlù ni, ojú kan náà ni ì bá máa wò, ohun kan náà ni ì bá sì máa kọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé irin ń lọ nígbà tí kò lọ mọ́. Ó wá yé e díẹ̀. Níbi tí páìpù bá ti fì tó bẹ́ẹ̀, ara páìpù ló ti gbé irin, kò kù sí ọwọ́ òun ju ìwúwo okùn tó gùn láti òkè wá lọ. Nítorí náà, bí irin bá dúró, kò sí ohun púpọ̀ tí ọwọ́ yóò pàdánù.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Òun kò purọ́, aago kò purọ́, àwọn agbẹ́kànga náà kò purọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kó tó mu ún tán ni inú dídùn náà ti lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn kànga tó fì tí òun ti wọ̀n láti nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí òun ti ké pé òun ti dé ilẹ̀, tí wọ́n ti ká ìwé lọ. Kò rántí iye wọn.

Ó sọ ọ́ fún Àdìjátù. Àdìjátù ń tú okùn kúrò lára irin, kò gbójú sókè.

"Kànga kan ni wọ́n bi yín. Ẹ sọ ti ẹyọ kan."

Kàsímù gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a. Kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni ìyàwó òun ń kọ́ òun tàbí ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sọ ohun tó rí fún Adéníyì. Ẹnjiníà náà gbọ́ ọ láìdá sí i. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní ó gbà á. Ó ní òun yóò wá wò ó fúnra òun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló wá sí Ìta Fájì lọ́sàn-án, òun àti Clementina. Àdìjátù ti gbálẹ̀ àgbàlá, ó ti ra mínírà fún wọn. Adéníyì bọ́ bàtà, ó gun òkè lọ, ó kọjú sí ògiri bí Kàsímù ti ṣe. Ó tú okùn náà sílẹ̀ tán, ó ní ó ń lọ, ó ń lọ dáadáa. Clementina, tó jókòó sórí àpótí, ní kò lọ mọ́ láti ìgbà àkísà kejìlá. Adéníyì sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú páìpù, ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó ní ìlànà iṣẹ́ wọn sọ pé aago ìwúwo á fi í hàn. Ó ní òun kò tíì mọ ẹni tó dán ìyẹn wò nínú kànga tó fì tó báyìí. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni Kàsímù ti sọ ìyókù. Kò ní in lọ́kàn pé kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó ní bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú kànga kan, òun kò lè búra fún àwọn tó kù.

Adéníyì wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá. "Bàbá, ẹ má tíì sọ ìyẹn fún ẹlòmíràn," ló wí.

Ó mu mínírà rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àdìjátù, wọ́n lọ. Kàsímù dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá Adéníyì fẹ́ dáàbò bo òun ni, tàbí ara rẹ̀, tàbí ilé-iṣẹ́. Ó bi Àdìjátù. Àdìjátù ní ojú ọmọkùnrin náà kò burú, ṣùgbọ́n òun náà kò lè sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìwé, kò sí ìránṣẹ́. Kàsímù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Jankara, nítorí pé ìjókòó ilé ti sú u. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ó ní òun gba ìsinmi ni. Ó ń bá a sín ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń sín iyùn mọ́ sẹ̀gi, Àdìjátù á sì tú u láìsọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Clementina ti wá bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n fún wọn láyè ní ọ́fíìsì láti jẹun. Ó jókòó sórí àpótí Àdìjátù. Ó ní wọ́n ti tún kànga náà wọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò fi ti wáyà nìkan ṣe. Ẹnu páìpù tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ ni wọ́n de túùlù mọ́, wọ́n sì fi páìpù náà tì í títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ìwé tuntun ti dé ọwọ́ òun láàárọ̀ àná. Iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà.

Kàsímù fi ọwọ́ méjèèjì di etí àtẹ mú. Ó ní Alhamdulilahi.

Clementina ní kó dúró ná. Omi ló wà nínú iyanrìn náà. Òórùn tí àwọn agbẹ́kànga gbọ́, díísù tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lò ni, èyí tí wọ́n pò mọ́ ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀. Kò sí epo níbẹ̀, kò sì fìgbà kankan sí. Ó ní àwọn kan ní ọ́fíìsì ti ń sọ pé ìwé àkọ́kọ́ kò ṣe ibi kankan nígbà náà, nítorí ó ní kò sí epo, epo kò sì sí.

"Ta ló wá jàre?" ni Kàsímù béèrè.

"Mi ò mọ̀, Pápá."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun ti ń wo àwọn ìwé àtijọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lákòókò oúnjẹ, pé òun kò mọ ohun tó gbé òun débẹ̀. Òun ti rí mẹ́sàn-án tí ìlà ìsàlẹ̀ wọn lọ tààrà bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ ọjọ́ wọn sórí bébà, ó kà wọ́n fún Kàsímù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kàsímù mọ mẹ́rin lára wọn, òun ló di wíńṣì mú. Márùn-ún kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan nínú márùn-ún náà, òyìnbó tó kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ló ṣe é. Ara tù ú nígbà tó gbọ́ ọ, ojú sì tì í pé ara tu òun. Àwọn kànga mẹ́rin yẹn, bóyá wọ́n ti di wọ́n pa, bóyá epo wà nísàlẹ̀ wọn, bóyá omi ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Clementina béèrè ohun tí òun yóò ṣe. Kàsímù ní kó kó wọn fún Adéníyì. Clementina ní òun ti kó wọn fún un. Ó ní Adéníyì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, ó fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, Kàsímù sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Wọn kò sọ pé ó ṣẹ̀, wọn kò sì sọ pé kò ṣẹ̀. Jíbrílù ní ó dájú pé wọ́n ti rí òtítọ́ rẹ̀. Àlímọ̀t ní àdúrà ló gbà. Àdìjátù ní ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn kò sí tó lè wa wíńṣì ni. Kàsímù kò mọ èyí tó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó di báàgì rẹ̀.

Kànga tó bá lọ́hùn-ún tún fì ju ti ìṣáájú lọ. Adéníyì fúnra rẹ̀ ló wà nídìí ìwé. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ Ìta Fájì, wọn kò sì sọ ti ìwé mẹ́sàn-án. Wọ́n so irin mìíràn tó wúwo mọ́ ìdí túùlù, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké sí ara rẹ̀ kó lè máa yí lọ, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Kàsímù ń tú wáyà, ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, yóò dá a dúró, yóò fà á sẹ́yìn díẹ̀, yóò wo bóyá aago ìwúwo gbéra kíá tàbí ó ń fà tìkọ̀; bó bá fà tìkọ̀, a jẹ́ pé irin ti dúró, wáyà ló ń ká jọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níta ń rojọ́ pé àgbà ti dé sí i, pé kànga tí wọ́n ń fi wákàtí mẹ́ta wọ̀n ti di ti ọjọ́ kan.

Nígbà tí aago ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, Adéníyì wá sẹ́nu fèrèsé ilé wíńṣì. Ó béèrè bóyá ó ṣì ń lọ.

Kàsímù wo aago méjèèjì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n fà á wò."

Adéníyì da korobá kan dé, ó jókòó lé e, ó dúró. Kàsímù fà á. Aago ìwúwo gbéra. Ó tún tú u sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí i, ó dá a dúró, kò sì tún mọ̀ mọ́.